Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Àsè Àwọn Náìtì Kọ́ Ló Ń Tọ́jú Aláìsàn

Ẹni tó bá san £150 láti lọ jókòó níbi àsè àti ijó àwọn náìtì (knights, àwọn olóyè ẹgbẹ́ Kristẹni tó ń tọ́jú aláìsàn) ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbà pé òun ti fi £150 ṣe àánú. Àwọn tó rí fọ́tò rẹ̀ lórí Facebook náà á gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rí àgbélébùú funfun onígun mẹ́jọ lára kóòtù dúdú, wọ́n á rí tábìlì tí a fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á ní gbogbo owó yẹn ti di ti aláìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú £150 yẹn, ohun tó kù fún aláìsàn lè má tó £20, ó sì lè má kù rárá.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá, nítorí a mọ aṣọ ẹbí. Ẹni tó ra aṣọ ẹbí kò tíì fún olóde ní nǹkan kan; aṣọ ló rà. Ìgbà tó bá dìde síwájú olórin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó fún olóde lójú agbo, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún un ní nǹkan. Aṣọ ẹbí ni tíkẹ́ẹ̀tì àsè. Oúnjẹ, ọtí, àga àti orin la fi owó náà rà. (A mọ̀ pé olóde mìíràn máa ń fi èrè sórí aṣọ ẹbí. Àwọn náìtì náà ń fi sí i, àmọ́ èrè ọ̀hún tín-ín-rín.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn, nítorí ẹgbẹ́ méjì ló ń lo àgbélébùú yìí ní Bírítéènì tí àwọn èèyàn sì ń pè ní ọ̀kan. Ti Kátólíìkì ni Order of Malta. Ilé ìtọ́jú àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ní Jerúsálẹ́mù ló ti bẹ̀rẹ̀, Póòpù Paschal Kejì fọwọ́ sí i ní 1113, ó ṣàkóso erékùṣù Malta láti 1530 títí Napoleon fi lé e kúrò ní 1798, Róòmù ló sì fìdí kalẹ̀ sí láti 1834. Order of St John ní tirẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Victoria ní 1888, ẹni tó bá wà lórí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì jẹ́ olórí rẹ̀. Òun ló ni St John Ambulance àti ilé ìwòsàn ojú tó dá sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní 1882. Àpò àwọn méjèèjì kò papọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó òun ń lọ, orúkọ àjọ aláàánú àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ni kó wò lára tíkẹ́ẹ̀tì, kó fi àgbélébùú sílẹ̀.

Ó ti di ìṣirò wàyí. Àpẹẹrẹ lásán ni àsè tí a fẹ́ lò yìí, àmọ́ bí ìwé akápò ṣe máa ń rí nìyẹn. Àlejò 200 san £150 kọ̀ọ̀kan: £30,000. Hòtẹ́ẹ̀lì ń gba £85 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún oúnjẹ ìpele mẹ́ta àti ìdajì ìgò wáìnì: £17,000. VAT (owó orí ọjà) 20% gùn ún: £3,400. Ibí yìí ni akápò tuntun ti ń kọsẹ̀. Òfin gbà kí àjọ aláàánú má ka VAT mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì àsè ìkówójọ, bí irú àsè bẹ́ẹ̀ kò bá ju 15 lọ ní ibì kan náà láàárín ọdún ìṣúná kan. Akápò á yọ̀. Ó gbàgbé pé ẹni tí kò gba VAT lọ́wọ́ àlejò kò lè béèrè èyí tó san fún hòtẹ́ẹ̀lì padà lọ́wọ́ ìjọba. £3,400 ti lọ nìyẹn. Olórin gba £2,500, oníná àti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba £1,500, òdòdó àti ìwé ètò gba £1,600, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó lórí káàdì yọ £600. Gbogbo rẹ̀ di £26,600. Ó ku £3,400, iye kan náà tí VAT kó lọ. Ẹ pín in sí 200, £17 ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Bí gbogbo àga bá kún la ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í ka orí àlejò lálẹ́ ọjọ́ àsè kó tó gba owó. Iye orí tí ẹ fọwọ́ sí nínú àdéhùn ló ń bá yín ṣírò. Bí ẹ bá fọwọ́ sí 200, tí 170 péré ra tíkẹ́ẹ̀tì, £25,500 ló wọlé, ìnáwó kò sì dín ju ìwọ̀nba owó káàdì lọ. Gbèsè tó lé ní £1,000 ni, inú àpò iṣẹ́ àánú la ó sì ti yọ ọ́ san. Ohun tó sábà máa ń fà á ni tábìlì ọ̀fẹ́: bíṣọ́ọ̀bù àti alábàárìn rẹ̀, aṣojú ìjọba kan, àwọn olóyè ẹgbẹ́ láti ìlú mìíràn. Tábìlì méjì péré tí kò sanwó, £3,000 ni. Akápò tó gbọ́n máa ń fọwọ́ sí 160, á kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun lè fi kún un títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àsè, á sì dá iye tíkẹ́ẹ̀tì lórí 160 náà.

Ibo wá ni owó àánú ti ń jáde lálẹ́ ọjọ́ náà? Lẹ́yìn oúnjẹ ńlá ni, nígbà tí wọ́n bá dé orí gbàǹjo àti ìlérí. Gbàǹjo kò gbọdọ̀ ju nǹkan mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, àárín oúnjẹ ńlá àti oúnjẹ dídùn ló sì yẹ kó bọ́ sí. Bí olórin bá ti gba pápá, ẹnikẹ́ni kò ní fetí sí onígbàǹjo mọ́. Ọjà tí ẹnì kan fi tọrẹ ni èrè wà lára rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń gbé ìrìn-àjò ìgbafẹ́ wá fún àjọ aláàánú láti fi ṣe gbàǹjo, wọ́n á ní kò sí ewu níbẹ̀, bí kò bá tà ẹ kò jẹ gbèsè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní £1,800 ni tiwọn, tí ẹnì kan sì rà á ní £2,200, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́ fún £2,200 nígbà tó jẹ́ £400 ló dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ nínú gbàǹjo kan, owó tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn láti fi sílẹ̀ lálẹ́ yẹn ló ń gbé lọ. Àwa ò ní gbé e wọlé rárá.

Ìlérí ló pa owó jù, òun sì ni wọ́n máa ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Onígbàǹjo kì í ta nǹkan kan níbẹ̀. Á sọ ohun kan ṣoṣo tí owó náà máa ṣe, á wá máa pe iye sọ̀kalẹ̀: £5,000, £2,500, £1,000, £500, £250, £100. Òkè ni a ti ń bọ̀ wá sílẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti £100, ẹni tó lágbára £2,500 á na ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo èèyàn, á sọ ọ́ sílẹ̀, ojúṣe rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó máa kọ́kọ́ na ọwọ́, kí a ti bá a sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí kò sí ohun tó ń pa gbọ̀ngàn lẹ́nu mọ́ bí iye àkọ́kọ́ tí kò rí ọwọ́ kankan. Bí kò bá sí ọwọ́ náà, kí onígbàǹjo mí lẹ́ẹ̀mẹta, kó bọ́ sí iye tó kàn. Kó má bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé méjì ló yẹ kó wà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà tábìlì, nọ́ńbà pátákó tí àlejò gbé sókè àti iye. Ibi tí akọ̀wé bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ìdajì ọwọ́ ló máa ń bọ́. Kí ẹ̀rọ káàdì sì dé tábìlì kí kọfí tó dé ibẹ̀. Ìlérí tí a fi di ọjọ́ Ajé, àwíjàre ni.

Ráfù, tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń fà láti fi mọ ẹni tó jẹ ẹ̀bùn, kéré, àmọ́ òfin ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ráfù níbi àsè nìkan, ẹ kò nílò ìwé àṣẹ ní Bírítéènì: kìkì pé ẹ kò gbọdọ̀ yọ ju £500 lọ nínú owó rẹ̀ ra ẹ̀bùn, ẹ kò sì gbọdọ̀ yọ ju £100 lọ fún ìnáwó. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi tọrẹ kò sí nínú £500 yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti fi ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ráfù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìjọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó ti bọ́ sínú òfin mìíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀), £40 lọ́dún àkọ́kọ́ àti £20 lọ́dọọdún, ó kéré tán 20% owó náà sì gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ ta á.

Nídìí Gift Aid, owó tí ìjọba ń fi kún ọrẹ, ni ìgbàgbọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ àánú ti ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń san owó orí ní Bírítéènì fún àjọ aláàánú ní £1, ìjọba fi 25p kún un. Owó ọrẹ ni òfin ń wí. Akápò tó kó tíkẹ́ẹ̀tì £30,000 lọ béèrè £7,500 lórí rẹ̀ máa dá a padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ ìwé wò. Òfin gbà kí olùtọrẹ rí nǹkan díẹ̀ gbà padà: ìdá kan nínú mẹ́rin lórí £100 àkọ́kọ́, 5% lórí èyí tó lé, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju £2,500 lọ. Lórí £150, £27.50 nìyẹn. Oúnjẹ £85 kò lè wọ inú £27.50.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a fi tíkẹ́ẹ̀tì sí iye tó ná wa, ẹ jẹ́ ká ní £135, kí a wá béèrè ọrẹ lọ́tọ̀ lórí fọ́ọ̀mù kan náà, kí a sì kọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò tọrẹ yóò wọlé, yóò sì jókòó bí ẹni tó tọrẹ. Ọrẹ yẹn ni Gift Aid wà fún. Níbi gbàǹjo, bí ọjà bá ní iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, £300, tí a kọ ọ́ síwájú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye, ẹni tó rà á ní £500 lè fi £200 tó lé ṣe ọrẹ. Bí ó bá jẹ́ bùbá agbábọ́ọ̀lù tó fọwọ́ sí, tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan, iye tí wọ́n rà á ni iye rẹ̀, kò sí ọrẹ nínú rẹ̀. Káàdì ilé-iṣẹ́ kò wọ Gift Aid. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò san owó orí kò gbọdọ̀ fi àmì sí i, nítorí òun ni wọ́n máa bá gba ìyàtọ̀ náà. Àpòòwé orí tábìlì tí kò ní orúkọ pípé àti àdírẹ́sì ilé, owó inú rẹ̀ kò wọ Gift Aid.

Bí àsè bá tiẹ̀ lọ déédéé, kì í ṣe òun ló gbé iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ró. Ní Jámánì, Malteser, àjọ aláàánú tó jẹ́ ti Order of Malta láti 1953, ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn, àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera ló sì ń san owó iṣẹ́ yẹn. St John Ambulance ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, ilé-iṣẹ́ wọn ń sanwó. Ó ń rán èèyàn lọ síbi eré ìdárayá àti àpèjẹ ńlá, àwọn tó ṣe é ń sanwó. Àwọn ọmọ Order of Malta tó ń kó aláìsàn lọ sí Lourdes, ìlú ìrìn-àjò ẹ̀sìn Kátólíìkì ní Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ń san owó ọkọ̀ tiwọn fúnra wọn. Wọ́n ń ṣe àsè kí àwọn èèyàn lè mọra, kí ọ̀dọ́ lè rí ibi tí wọ́n ti ń fi ara wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́, kí akọ̀wé sì rí orúkọ àwọn tó lè fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó tó ìdí. Kí wọ́n ṣáà máa pè é bẹ́ẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì kò sì sọ ẹnikẹ́ni di náìtì. Kódà ẹni tí wọ́n fi jẹ náìtì nínú Order of St John gan-an kì í di “Sir” nítorí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ó rọrùn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí owó àsè bá ju $75 lọ, àjọ aláàánú gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ẹni tó san án iye tí oúnjẹ àti ìgbádùn tó gbà tó. Èyí tó lé nìkan ló lè yọ nínú owó orí. Tíkẹ́ẹ̀tì ráfù kò sí nínú rẹ̀. Àjọ tó bá ń fi Form 990 sílẹ̀, ìyẹn ìwé ìṣirò owó ọdọọdún fún àwọn agbowó orí (ṣọ́ọ̀ṣì kò sí lára wọn), tí owó àsè rẹ̀ sì ju $15,000 lọ lọ́dún, á kún Schedule G, abala rẹ̀ tó wà fún owó àsè, gbogbo ayé ló sì lè kà á. Ìlà 1 ni gbogbo owó tó wọlé, ìlà 6 ni owó gbọ̀ngàn, ìlà 7 oúnjẹ àti ohun mímu, ìlà 8 eré àti orin. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ sí ìlà 11, wọ́n á rí i pé òdì ni, wọ́n á kígbe pé àsè jẹ gbèsè. Wọn kò wo ìlà 2, níbi tí wọ́n ti yọ ọrẹ kúrò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìlà 2 kún ìlà 11, ẹ ó rí ohun tí àsè náà mú wá.