“Ìwé ìyá ló ń ba ọmọ jẹ́”: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ṣáà ti sọ pé òun fẹ́ padà sí ilé-ìwé, ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé yóò wí. “Ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ?” “Ìwé wo lo tún fẹ́ kà? Ìwé àwọn ọmọ rẹ ló kàn báyìí.” Ìyá ọkọ á ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, ọmọ onítọ̀hún ló wá di ọmọọ̀ta. Ọ̀rọ̀ yìí ti ti ẹnu dé ẹnu títí ó fi dà bí òfin: bí ìyá bá ń kàwé, orí ọmọ ni yóò fàbọ̀ sí. Irọ́ ni.

Nígbà tí àwọn ìyá wa ń ṣe àjàpá, tí wọ́n ń lọ kó gààrí, ẹ̀lùbọ́ àti epo ní àwọn ọjà oko tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ta ló ń dúró ti ọmọ nílé? Ìyá àgbà ni, tàbí ìyàwó ilé mìíràn, tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Alájàpá lè sùn sọ́nà kó tó dé. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọjà ń ba ọmọ jẹ́. Wọ́n á ní obìnrin náà tẹpá mọ́ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí obìnrin kan náà gbé báàgì ìwé kọ́ apá lọ́jọ́ Sátidé, ó ti di ìyá burúkú. Lójú tèmi, ọmọ kọ́ ló ń dun àwọn èèyàn. Owó ọjà ń wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tajà, ti ìwé kì í tètè wọlé.

Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ̀rí, Ìbàdàn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, John Caldwell, onímọ̀ ètò iye ènìyàn láti Australia, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin ìlú náà. Nígbà tó kọ àbájáde rẹ̀ ní 1979, ó ní nínú gbogbo ohun tí òun yẹ̀ wò, kò sí èyí tó lágbára tó ìwé tí ìyá kà láti mú kí ọmọ yè. Àlàyé tó ṣe ni pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í káwọ́ gbera wo àìsàn, ẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í bà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń tà létí ọkọ àti àna. Lóòótọ́, ìwé tí wọ́n kà kí wọ́n tó bímọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé jù, kò sì sọ pé kíkàwé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rọrùn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìwé tó wọ orí ìyá, ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀.

Wàhálà wà o. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ lásìkò, tí kò sẹ́ni tó bá a yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò, yóò jìyà, yálà ìyá rẹ̀ lọ kàwé ni tàbí ó lọ òde ìgbéyàwó. Àìsí ẹni tí yóò dúró ti ọmọ náà ló fa ìyẹn. Ẹ sì wò ó, obìnrin nìkan la ń bi. Bàbá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tó ń ka másítáàsì, ta ló bi í rí pé ta ni yóò wẹ ọmọ?

Ilé-ìwé tó bá abiyamọ mu kò wọ́n. UI, UNILAG àti OAU ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí ìjọba Ọbásanjọ́ wá jí dìde, kò béèrè UTME, ìdánwò àṣewọlé; kírédíìtì márùn-ún ló ń béèrè. (Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018, lẹ́ni 80 ọdún.) Ní NOUN, TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní máàkì 30, ìdánwò ní 70. Ìyá lè ṣe TMA lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, àmọ́ ìdánwò kò ṣe é fòru ṣe.

Àwọn tó ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, pé wọn ò ní gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ fún àgùnbánirọ̀, ẹ jọ̀ọ́: ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó parí ẹ̀kọ́, ìwé ìyọ̀ǹda pé kò ní láti ṣe àgùnbánirọ̀ ni NYSC ń fún un, ó sì lè fi í wáṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ran abiyamọ lọ́wọ́, kó má kàn kí i kú ìgbìyànjú. Kó gba táìmù-tébù ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì mú ọjọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò lè lọ gbé ọmọ níléèwé. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí, kó ra dátà ránṣẹ́. Ọkọ ní tirẹ̀, kó wọ ilé ìdáná láì dúró dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ bá sì ń mu ọmú lọ́wọ́, kí ẹnìkan bá wọn dé ibùdó ìdánwò, kó máa gbé ọmọ títí ìyá yóò fi jáde.