Ta Ló Bá Colonel Sanders Ka "Rárá" 1,009?

Ìtàn náà ti tàn débi pé ó ṣòro kéèyàn rí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń là, ẹ ó ti rí i kà lórí WhatsApp, pẹ̀lú àwòrán bàbá onírùngbọ̀n funfun. Wọ́n ní ará Amẹ́ríkà kan pé ọmọ ọdún 65 láìní nǹkan kan lápò. Ìjọba fi sọ̀wédowó owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́ sí i, dọ́là 105 péré lóṣù. Ó wò ó, ó mirí, ó kó sínú ọkọ̀, ó ń ti ilé oúnjẹ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun ta adìyẹ díndín. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́sàn-án ló lé e padà. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ló gbà. Bí Harland Sanders ṣe di Colonel Sanders, olówó KFC, ilé iṣẹ́ adìyẹ díndín tó tàn káyé, nìyẹn. Kí ìtàn tó parí, ẹ̀kọ́ á ti dé: má jáwọ́, ẹni tó máa gbà fún ọ ń bẹ níwájú.

Ó dùn-ún gbọ́ o. Àmọ́ kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má forí tì í. Bàbá náà forí tì í, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí ọgbọ́n wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an ni àwọn asọ̀tàn gé dànù, tí wọ́n wá fi nọ́ńbà dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọdún wò. Oṣù Kẹsàn-án 1890 ni wọ́n bí Sanders ní ìpínlẹ̀ Indiana, nítorí náà 1955 ló pé ọmọ ọdún 65. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà láti máa ta adìyẹ rẹ̀ ni Pete Harman, tó ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Salt Lake City, ìpínlẹ̀ Utah. Ọdún wo nìyẹn? 1952. Ẹni àkọ́kọ́ ti gbà fún un lọ́dún mẹ́ta kí wọ́n tó ní àwọn 1,009 bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Ọ̀dọ̀ Harman yìí náà ni orúkọ ti jáde: Don Anderson tó ń kọ pátákó fún un ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa pè é ní Kentucky Fried Chicken (KFC), ìyẹn adìyẹ díndín ti Kentucky, ìpínlẹ̀ tí Sanders ti ń ta oúnjẹ, torí ní Utah, ohun tó bá ti Kentucky wá á dún létí bí ohun àjèjì tó yẹ kéèyàn tọ́ wò. Nígbà tí Sanders fi máa wọ ọkọ̀ tó ń rin ìrìn-àjò kiri, ó ti ní ilé oúnjẹ tó lè nawọ́ sí, níbi tí adìyẹ rẹ̀ ti ń tà wàràwàrà.

Ó dájú pé wọ́n lé e níbi púpọ̀. Ta ni wọn kì í lé tó bá gbé ọjà tuntun wá? Ṣùgbọ́n 1,009, láìdín kan, láìlé kan? Ọkùnrin tó ń sun ẹ̀yìn ọkọ̀, ta ló bá a gbé ìwé dání tó ń fàlà sí i?

Apá tó yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀ ni ilé ìdáná. Ní 1930, Sanders gba ilé epo kan ní Corbin, ní Kentucky, ó ń ta epo fún àwọn arìnrìn-àjò. Ebi máa ń pa àwọn oníbàárà, òun náà sì mọ oúnjẹ sè látìgbà èwe, torí bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, òun ló ń dáná fún àbúrò nígbà tí ìyá wọn bá lọ síbi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ fún wọn lórí tábìlì tí òun àti ẹbí rẹ̀ fi ń jẹun. Oúnjẹ náà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gómìnà Ruby Laffoon fi fi oyè Colonel dá a lọ́lá ní 1935. (Oyè ọlá lásán ni o. Ó ti ṣe sójà rí nígbà èwe, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ti di Colonel.) Iná jó ibẹ̀ ní 1939, ó tún un kọ́, ó fi ìjókòó 140 sínú ilé oúnjẹ rẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí kò jẹ́ kó sùn. Adìyẹ inú páànù irin ń gba bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jinná. Ta ni arìnrìn-àjò tó máa jókòó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Bó bá sì dín in sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, èyí tí kò tà lálẹ́ di àdánù. Ọ̀nà kẹta ni kó rì í sínú òróró gbígbóná yẹ́yẹ́, èyí yá, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà náà ni ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, èyí tí wọ́n ń dé pinpin kí oúnjẹ lè tètè jinná, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, ẹ̀fọ́ sì ni wọ́n ń fi í sè. Sanders ra ọ̀kan, ó da òróró sínú rẹ̀, ó dé e pa pẹ̀lú adìyẹ. Iṣẹ́ eléwu ni, òróró gbígbóná tí wọ́n dé mọ́nú ìkòkò kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó ń yí ooru padà, ó ń yí ìwọ̀n òróró padà, ó ń yí àkókò padà, títí adìyẹ fi ń jinná láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́wàá tí kò sì gbẹ táútáú. Nígbà tó fi máa di 1940, ó ti rí àpapọ̀ èròjà mọ́kànlá tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ibi tí ìforítì wà nìyẹn: nídìí ààrò, lórí ìṣòro kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa, níwájú oníbàárà tó ń dá a lóhùn lójoojúmọ́ nípa bóyá abọ́ òfìfo ló dá padà tàbí adìyẹ ajẹkù. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ń bọ́ àlejò kí sọ̀wédowó dọ́là 105 tó dé. Ẹni tó bá ní ọwọ́ òfìfo ló fi bẹ̀rẹ̀ ti jí ọdún wọ̀nyẹn gbé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyókù ìtàn "má jáwọ́" ló tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Sanders? Ẹni tó ń jáwọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀wù! Ó ṣiṣẹ́ oko, ó dá iná ẹ̀rọ ojú irin, ó fi lẹ́tà kọ́ ìmọ̀ òfin títí ó fi ń gbẹjọ́ rò ní Arkansas kó tó bá oníbàárà rẹ̀ jà tí iṣẹ́ náà fi bàjẹ́. Ó ta adójútòfò, ó dá ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, ó ṣe fìtílà tí iná mànàmáná wá gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta táyà. Kò bá ìkankan nínú wọn kú.

Èyí tó tóbi jù nínú jíjáwọ́ rẹ̀ ni ti Corbin. Ojú ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ ń gbà kọjá ni ilé oúnjẹ náà wà. Ìjọba wá gbé ọ̀nà márosẹ̀ tuntun gba ibòmíràn. Bó jí ní aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́, bó fi òógùn wẹ̀, kò lè mú ọkọ̀ padà sí ọ̀nà tí wọ́n ti pa tì. Ká ní ó tẹ̀ lé ìwàásù tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ni, ibẹ̀ ni ì bá jókòó sí, tí ì bá máa forí tì í nínú ilé oúnjẹ òfìfo títí gbèsè fi máa gbé e mì. Ó fi gbàǹjo tà á ní 1956, dọ́là 75,000, owó tó tán sórí gbèsè. Ilé lọ, ilẹ̀ lọ, ìjókòó 140 lọ. Ohun tó mú dání ni ìkòkò àti èròjà, torí ó ti rí i ní Utah pé ìyẹn ń ṣiṣẹ́ láìsí òun níbẹ̀.

Bó sì ṣe ń tà á kò jọ ẹ̀bẹ̀. Yóò wọ ilé ìdáná ẹni tó ní ilé oúnjẹ, yóò din adìyẹ fún ẹni náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bó bá dùn mọ́ wọn, yóò dúró bí ọjọ́ mélòó kan, yóò máa dín in fún oníbàárà. Bó bá tà, wọ́n á bọwọ́, adéhùn parí: sẹ́ǹtì mẹ́rin lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan, tó di márùn-ún nígbà tó yá. Claudia, ìyàwó rẹ̀, wà nílé, ó ń po èròjà, ó ń dì í, ó ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn asọ̀tàn kì í dárúkọ obìnrin yìí rárá, bẹ́ẹ̀ bí èròjà kò bá dé, kò sí adìyẹ, kò sí sẹ́ǹtì mẹ́rin.

Ẹ tún rò ó báyìí: àwọn mìíràn wà láyé tó mọ oúnjẹ sè, tí wọ́n rin ìrìn-àjò, tí wọ́n kọ̀ láti jáwọ́, tí wọ́n sì kú sínú gbèsè. Kò sẹ́ni tó ń fi ìtàn tiwọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó bá jẹ́ àwọn tó yè nìkan là ń bi léèrè, dandan ni ká gbọ́ pé ìforítì ló gbà wọ́n là.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní 1964, nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ náà ti lé ní 600, Sanders ta ilé iṣẹ́ náà fún John Y. Brown, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àti Jack Massey, ní mílíọ̀nù méjì dọ́là pẹ̀lú owó oṣù títí ayé. Kò ta ẹ̀tọ́ ti Kánádà, ó mọ́gbọ́n dání. Ní 1971, ilé iṣẹ́ Heublein ra KFC, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni wọ́n san. Ẹni tó bá ń sọ pé bí iṣẹ́ èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ń pọ̀ tó, kó jọ̀ọ́ bá mi ṣe ìṣirò ọdún méje yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọdún tí bàbá fi dúró ti ìkòkò.