Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ń Ríran

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ̀wé gbowó ní Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín: "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́." Òótọ́ ni. Mi ò ní sọ fún ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé pé kó jókòó ti ìtàn àròsọ rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi rà á. Ẹ kọ ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí olóyè máa kà lọ́jọ́ ìwúyè. Ìpolówó ọṣẹ náà, ẹ kọ ọ́. Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, ń ta aṣọ aláró àti àwòrán. Òun kan náà ló dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà lọ́fẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ìtàn tiyín ńkọ́? Ẹ fún un ní òwúrọ̀, kí oníbàárà gba ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe ebi ló tún ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ wo ohun tí ẹ ń tà gan-an. Nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022, bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá tó gbà yín síṣẹ́ bá gbé ìwé fún yín kọ, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀, àfi bí àdéhùn tí ẹ jọ kọ sílẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ yẹn á sì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá fẹ́ ra gbogbo ẹ̀tọ́, ẹ bu owó lé e. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín ni? Ẹ ṣì gbà á. Gbèsè ará ilé ló ń pẹ́ jù, torí ojú ń tini láti bèèrè.

Irọ́ ló le jù níbẹ̀. Ẹnì kan lè ní kí ẹ kọ ìtàn ìlú kí ìdílé òun lè ṣáájú nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀ kò jìnnà sí kóòtù. Ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ kọ nítorí owó ìrẹsì lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ lọ́yà lọ́la. Ẹ kọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kí ẹ fi "ìdílé náà sọ pé" síwájú rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ti ná an, ẹ lọ yá a nínú àjọ.