"Footing" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti lè túmọ̀ ìwé eré ìdárayá nìyẹn. Wọ́n á ní èdè méjèèjì jọra, pé Gẹ̀ẹ́sì ti ń yá ọ̀rọ̀ Faransé lò látìgbà tí àwọn ará Normandy ti gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066. Òótọ́ ni. Ìjọra yẹn gan-an ló ń ṣini lọ́nà.

Ẹ wo ọ̀pá kúkúrú tí àwọn tó ń sáré ẹlẹ́ni mẹ́rin máa ń fi lé ara wọn lọ́wọ́, èyí tí kò gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. "Baton" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọwọ́ Faransé ni wọ́n sì ti rí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé fúnra wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Témoin" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹlẹ́rìí. Ẹni tó gbójú lé ìwé atúmọ̀ èdè á kọ "witness", ọmọ tó fẹ́ sáré ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ní kó gbà.

"Planche" léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó ni. Nínú ìwé EPS, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá nílé ìwé àwọn tó ń sọ Faransé, kéèyàn fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró gbọọrọ ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "plank". Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ní "planche" tiẹ̀: ọwọ́ méjèèjì nìkan ló wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè, ara sì nà tàntàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà fún ọmọ ọdún 12. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè rọ́.

"Footing" ńkọ́? Ó jọ Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀, àmọ́ àwọn Faransé ló ń pe sísáré díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Jogging" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. "Pompes" kì í ṣe ẹ̀rọ ìfami, press-up ni.

Mo ń ro àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Pobè lórílẹ̀-èdè Benin, tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Bí irú ìwé wọn bá dé ọwọ́ mi, mo máa ń dìde lórí àga ni. Tí mo bá rí "fente avant", mo á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo á bẹ̀rẹ̀ títí orúnkún ẹ̀yìn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, mo á wá bi ara mi pé: kí ni olùkọ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa pe èyí? "Lunge" ni. Ìgbà yẹn ni mo tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.