Iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré fún kókó iṣan ẹ̀yìn: àtúnṣe díẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n tún ọ̀rọ̀ yín ṣe díẹ̀. Ẹ ní ihò kékeré báyìí ni wọ́n fi ń yọ gbogbo kókó tó ń hù lára iṣan ẹ̀yìn (iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara), tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé kò séwu kankan níbẹ̀.

Ojú abẹ náà kéré lóòótọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Dókítà á ki páìpù tóóró gba àárín ẹran ẹ̀yìn, kò ní bó ẹran náà kúrò lára eegun. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi sábà máa ń dín kù. Àmọ́ inú lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ńlá ṣì ni. Wọ́n á gbẹ́ eegun díẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń la awọ fẹ́lẹ́ tó bo okùn iṣan tó wà nínú eegun ẹ̀yìn kí ọwọ́ tó tó kókó náà. Irú kókó yìí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní schwannoma, sábà máa ń hù lára fọ́nrán kan nínú iṣan, wọ́n sì lè rọra yọ ọ́ kí fọ́nrán yòókù ṣẹ́ kù. Irú mìíràn, neurofibroma, ò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń wọnú iṣan fúnra rẹ̀. Ó wá ku rírán awọ yẹn, látinú páìpù tóóró kan náà! Bí kò bá dí dáadáa, omi inú ẹ̀yìn lè máa jò, orí sì lè máa fọ́ aláìsàn.

Kókó tó tóbi jù tàbí tó nà kọjá eegun ẹ̀yìn púpọ̀ lè gba ojú abẹ gbòòrò. Èyí tó kéré tí kò yọni lẹ́nu ńkọ́? Àwọn dókítà lè máa fi àwòrán MRI ṣọ́ ọ lásán.