Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì gbogbo láàpútọ́ọ̀pù yín torí Windows kan ṣoṣo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti Sátidé, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde. Tí ayálégbé kan bá fẹ́ kó jáde, ṣé gbogbo ilé la máa wó ni? Ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa nìyẹn o. Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ pé ẹ fẹ́ yọ Windows àtijọ́ (operating system, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) kúrò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sọ ni "àǹtí, àfi ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀", ìyẹn ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń ṣe dìsáìnì kí wọ́n tó gbé e lọ tẹ̀: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Windows 7 ni láàpútọ́ọ̀pù mi kọ́kọ́ ní, nígbà tó yá ni wọ́n bá mi fi Windows 10 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí mi ò tíì fẹ́ fi Corel mi àtijọ́, ètò tí mo fi ń ṣe dìsáìnì, sílẹ̀. Ní báyìí orí 10 ni gbogbo iṣẹ́ mi wà, Windows 7 kàn jókòó lórí 200GB nínú 500GB tí mo ní, bẹ́ẹ̀ láti 14 January 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo mọ̀ pé 10 náà, 14 October 2025 ni wọ́n dá tiẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n 11 ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), láàpútọ́ọ̀pù mi ò ní in, owó tuntun ò sì tíì sí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mátì fi ń ká mi lára: láàpútọ́ọ̀pù tí mo lò ṣáájú èyí, irú nǹkan kan náà ni mo gbé e lọ fún, ẹni tó tún un ṣe ò bi mí ní nǹkan kan, ó nu gbogbo ẹ̀. Fídíò ibi tí màmá mi ti ń wúre fún ọmọ mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀. Màmá ti lọ báyìí, fídíò náà ti lọ. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Torí ẹ̀, ní Sátidé tí mo dé Ọ̀tìgbà, Ikeja, tí ọmọkùnrin kan ṣí Disk Management (ibi tí Windows ti ń fi bí wọ́n ṣe pín dísìkì hàn), tó wá tẹ Windows 7, tí Delete Volume, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa apá dísìkì rẹ́, di àwọ̀ eérú tí ò ṣeé tẹ̀, tó ní "ẹ wò ó, ó kọ̀, àfi fọ́ọ̀mátì", mo gba láàpútọ́ọ̀pù mi, mo wọ mọ́tò padà sílé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o jàre.

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi kọ̀. Windows 7 ló kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà, ìyẹn fáìlì tó máa ń jí kọ̀ǹpútà. Windows 10 tó dé lẹ́yìn, ẹnu géètì kan náà ló ń gbà wọlé. Ẹ wo Disk Management dáadáa: páàtíṣọ̀n (apá kan nínú dísìkì) tí wọ́n kọ "System" sí ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, èyí tí wọ́n kọ "Boot" sí ni Windows tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́. Tiwa, Windows 7 ni "System". Àánú wa ló ń ṣe kọ̀ǹpútà tó fi ní òun ò pa á rẹ́, torí tẹ́ ẹ bá fi flash fipá pa á rẹ́, síkíríìnì dúdú lẹ máa bá, á ní òun ò rí operating system kankan.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì mi sórí external (dísìkì tí wọ́n ń so mọ́ ọn láti ìta), ó gbà mí di òru. Mo cháájì bátìrì kún, torí tí iná bá lọ láàárín ẹ̀, wàhálà ni. Mo wá wọ inú Windows 10, mo ṣí Command Prompt (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) bí administrator, mo kọ `bcdboot C:\Windows /s C: /f BIOS`, kó lè fi kọ́kọ́rọ́ sára C, páàtíṣọ̀n Windows 10, mo lọ Disk Management, mo ní kó sọ C di Active, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà á ti máa wá kọ́kọ́rọ́, mo pa á, mo tàn án. Àyà mi ń já! Ó wọlé. "System" ti kúrò lára Windows 7, ó ti bọ́ sára C, Delete Volume sì ti ṣeé tẹ̀. (Tí orúkọ 7 bá ṣì ń yọjú tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí msconfig, ẹ lọ sí Boot, ẹ yọ ọ́.)

Láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo BIOS àti MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń gbà jí, tí wọ́n sì ń gbà pín dísìkì) ni mò ń sọ o. Èyí tó ń lo UEFI, ọ̀nà tuntun, inú páàtíṣọ̀n EFI ni kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ wà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó sì fẹ́ yọ Ubuntu (operating system mìíràn) kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows lórí UEFI, ẹ kọ́kọ́ wọ ibi ètò BIOS kẹ́ ẹ gbé Windows Boot Manager sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "grub rescue", síkíríìnì dúdú tí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, lẹ máa jí bá.

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá engineer, mo bẹ̀ yín, iṣẹ́ yín le, mo mọ̀, kọsítọ́mà pọ̀, fọ́ọ̀mátì ló sì yá jù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wá, "kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́ ò fẹ́ kó sọnù?" Ìṣẹ́jú kan péré ni.

200GB yẹn ò kúkú ṣeé so mọ́ C, torí ọwọ́ òsì ẹ̀ ló wà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan sì ni Extend Volume, ohun tó ń mú páàtíṣọ̀n fẹ̀ sí i, máa ń gbà, mo wá fi ṣe D, iṣẹ́ kọsítọ́mà ni mò ń kó síbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ṣómólú tàbí Bárígà tí irú ẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹ mú external yín dání, ẹ wá, màá jókòó tì yín ká jọ ṣe é.