Ta Ló Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Orin Yìí?

Bí ẹ bá rí afunfèrè jáàsì tó ti ronú títí, tí kò rí orin kankan rò jáde, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Àwo tuntun ń bọ̀ lọ́nà. Yóò ṣa orin 12 tí gbogbo ayé ti mọ̀ sórí jọ, yóò yọ ọ̀rọ̀ inú wọn bí ẹni ń yọ eegun ẹja, yóò wá fi sáksófóònù fun èyí tó kù. Àwòrán ara páálí rẹ̀ náà ò ní yàtọ̀: ojú á dì, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, fèrè á máa kọ mànà, bí ẹni pé ẹ̀yìn ń ro ọ̀gá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ọ̀kan dá mi lóró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Onílù ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ojú ìlù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, dùùrù ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé ọmọ ń sùn nítòsí. Fèrè wọlé. Ẹsẹ kìíní, bí olórin ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹsẹ kejì, bí olórin ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, àfi ìrù kékeré kan tó ń so mọ́ ìparí ìlà: fìrìrì! Ìrù yẹn ni jáàsì ibẹ̀ o.

Ó wá kan orin àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú ohùn kan ṣoṣo ni olórin ń dúró sí. Ọ̀rọ̀ ló ń sáré, ọ̀rọ̀ ló ń ṣeré, ọ̀rọ̀ ló ń bú ẹni tó já a jù sílẹ̀. Kó ọ̀rọ̀ kúrò, kí ló kù? Páá, páá, páá, páá. Odindi orin kan ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi tẹ hóọ̀nù ọkọ̀ sí mi létí, ó tún dijú fún un!

Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé bí jáàsì ṣe rí nìyẹn. Àwọn àgbà náà yá orin olórin. Lọ́dún 1939, Coleman Hawkins, ògbólógbòó afunsáksófóònù, gbé “Body and Soul” sẹ́nu. Kò pẹ́ rárá tó fi pa ohùn tí wọ́n mọ̀ tì, tó ń hun tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá a gbè é, ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò wà. Ní 1961, John Coltrane, tí òun náà ń fun sáksófóònù, gbé “My Favorite Things” jáde, orin eré orí ìtàgé lásán. Ó yí i po yí i ká fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 13, àfi bíi pé orin náà fẹ́ gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn ti ìsinsìnyí yá a, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà. Kódà Kenny G, afunsáksófóònù tí àwọn ọ̀mọ̀ràn jáàsì kì í dárúkọ láìyínmú, sàn jù wọ́n lọ. Ní 1997, ó fun ohùn kan ṣoṣo fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 45, kò sì pè é lórin ẹnì kankan. Ní Ṣáínà, “Going Home” tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà fi ń rọra lé oníbàárà lọ sílé tí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tó nítumọ̀ nìyẹn.

Àbí ẹ rò pé àwọn afunfèrè ni mò ń bá wí? Ọ̀rẹ́ mi yìí ni. Ojú ń tì í láti sọ pé òun fẹ́ràn orin ijó. Ṣùgbọ́n bí orin ijó kan náà bá ti ẹnu sáksófóònù jáde, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á na ọwọ́ sókè kí n má sọ̀rọ̀, á ní, “Jáàsì là ń gbọ́ yìí o.”

Mo pa ẹnu mọ́. Mo wo ètè rẹ̀. Ó ń mì kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́: ó ń kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú, látòkè délẹ̀, kò sì ṣi ẹyọ kan.